Sárédúró Jókòó sí Kòtò Arínọlá

Ẹ̀gbà ọwọ́ Arínọlá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná kó tó dé àárín afárá. Ó kọ́kọ́ rò pé oòrùn ni. Nígbà tó tún gbé ẹsẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ̀gbà náà, tí Àjọ Etíkun fi sọ́wọ́ gbogbo oníwọ̀, ta á lára bí ìgbà tí èèyàn bá gbàgbé fọwọ́ kan ìdí ìkòkò. Ó dúró, ó gbójú sókè. Gbogbo àwọn oníwọ̀ ìlú Dúrólómi ló dúró pitimu sí ẹnu afárá, ọ̀pá ìwọ̀ lé èjìká kálukú, kò sì sí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan iyanrìn. Iwájú wọn ni ìlà iná pupa wà. Ó gba orí iyanrìn láti etí ọ̀sà títí dé ibi tí ìgbì ti ń fọ́, ó sì ṣe róbótó bí ẹnu agbada. Àárín róbótó yẹn gan-an ni kòtò Arínọlá bọ́ sí. Nínú kòtò ọ̀hún, ẹyẹ kan jókòó.

"Kì í ṣe ẹjọ́ tèmi," ni Arínọlá wí, kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan.

Akíntìmẹ́yìn, tí kòtò tirẹ̀ àti ti Arínọlá jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti ọjọ́ pípẹ́, kò bojú wẹ̀yìn. Ó ní ṣebí àwọn ń dúró de ìyá náà káwọn lè kí i ni, ó ti gba àlejò. Ó ní àlejò náà kò gbé ẹrù kankan wá, ẹyin nìkan ló gbé wá, òun ló sì ti ojú òkun mọ́ gbogbo ìlú yìí.

Ẹyẹ tí à ń wí yìí, ọwọ́ kan gbà á. Àwọ̀ iyanrìn ni àwọ̀ rẹ̀, àfi ọ̀já dúdú kan tó lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn. Sárédúró ni wọ́n ń pè é ní Dúrólómi nítorí ìrìn rẹ̀: á sáré díẹ̀, á dúró gbagidi bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, á tún sáré. Láyé ìgbà kan, etíkun pọ̀ fún un jákèjádò ayé. Òkun ti gbé wọn mì, bó ṣe gbé ìlú àwọn Arínọlá mì tó fi jẹ́ pé tí omi bá fà, orí táńkì omi ìlú àtijọ́ nìkan ni à ń rí tó yọ sókè láàárín ìgbì. Bèbè iyanrìn kan ṣoṣo tí ìjọba fi ẹ̀rọ wà jọ síwájú àwọn ilé tó léfòó ni ó kù. Ibẹ̀ ló kù fún ẹyẹ, ibẹ̀ náà ló sì kù fún èèyàn. Wọn kò gba ọkọ̀ apẹja láyè mọ́ lójú òkun nítorí okùn iná tí wọ́n tẹ́ sísàlẹ̀ òkun, wọn kò sì gba àwọ̀n láyè. Ìwọ̀ nìkan ni, láti orí iyanrìn. Àsìkò yìí sì ni ẹja àpò ń súnmọ́ etí, àpò tí wọ́n ń yan tí wọ́n fi ń jẹun títí òjò yóò fi dá.

Ẹ̀ṣọ́, ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ iyanrìn náà, ti ń bọ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ẹyẹ àkọ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ Arínọlá, ó tẹ orí irin rẹ̀ ba, nítorí wọ́n ti kọ́ ọ pé bẹ́ẹ̀ ni à ń kí àgbà.

"Ìyá, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ máà bínú," ni Ẹ̀ṣọ́ wí. "Ọ̀rọ̀ ò pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Ẹyẹ yìí ló ni kòtò."

Arínọlá di ojú rẹ̀. Ohùn irin ni ohùn yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ Orímisan ni, ọkọ rẹ̀ tó ti lọ sí ọ̀run. Ẹ ó gbọ́ bó ṣe jẹ́. Nígbà tí Àjọ Etíkun kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ náà wá, ńṣe ló ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ìròyìn, àwọn èèyàn sì ń sọ ìfun ẹja lù ú. Àjọ wá bẹ̀bẹ̀ pé kí ìlú fún àwọn ní àgbà kan tí yóò kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ àti òfin kòtò, kó lè máa dá ẹjọ́ bí wọ́n ṣe ń dá a níbẹ̀. Ta ni yóò sáré jáde bí kò ṣe Orímisan? Ọkùnrin tí yóò ní ọ̀rọ̀ ò pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀, tí yóò sì sọ ọ́ títí ọbẹ̀ yóò fi dì. Odidi ẹ̀ẹ̀rùn kan ló fi jókòó ti ẹ̀rọ yẹn lórí àga. Arínọlá á gbé oúnjẹ lọ bá a, á ní ẹ kú ìgbéyàwó o, ẹ ti fẹ́ orogún onírin lé mi lórí. Orímisan á rẹ́rìn-ín. Orímisan kú, orogún kò kú.

Òfin kòtò kò le. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ibi tirẹ̀ lórí iyanrìn. Kí àpò tó dé, obìnrin tó dàgbà jù nínú ilé á lọ fi gìgísẹ̀ gbẹ́ kòtò pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́ síbẹ̀, á da omi òkun sí i, á wá fi èérún ìkarahun tẹ́ ẹ nínú kó lè le, kí ìdí ọ̀pá ìwọ̀ má bàa máa yẹ̀. Ẹni tí kò bá gbẹ́ tirẹ̀ lọ́dún, ó ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Tí àríyànjiyàn bá sì dé, ẹni tó bá jókòó sí kòtò láti ìgbà tí omi bá kún títí yóò fi fà, tí ẹnikẹ́ni kò gbé e dìde, òun ló ni ín. Bí Orímisan ṣe sọ ọ́ fún Ẹ̀ṣọ́ nìyẹn. Ó sọ pé "ẹni." Kò rántí sọ pé èèyàn.

Arínọlá gbẹ́ kòtò rẹ̀ ní tirẹ̀. Ó gbẹ́ ẹ dáadáa, ó tilẹ̀ ṣa ìkarahun funfun sí i lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ni làkúrègbé dè é mọ́lẹ̀ nílé. Kò mọ̀ pé bí sárédúró ṣe ń fẹ́ ilé gan-an nìyẹn: kòtò pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́, èérún ìkarahun nínú rẹ̀. Ilé ọkọ tí wọ́n ti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ sílẹ̀ ni ẹyẹ bá, ó wọlé, ó yé.

Arínọlá la ojú rẹ̀. "Ìwọ Ẹ̀ṣọ́, ta ni ì bá gbé e dìde?"

Ẹ̀ṣọ́ ní kí ìyá ṣàlàyé.

"Ìwọ lo ní ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹyẹ, wọn á bọ́ ẹ̀gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní tẹ iyanrìn mọ́ láyé. O dè mí lọ́wọ́ tán, o wá ń bi mí pé kí ló dé tí n kò jà."

Àwọn tó wà lẹ́nu afárá hó yè. Ẹ̀ṣọ́ ní ọ̀rọ̀ ìyá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ìyá lè pẹjọ́. Inú Arínọlá kọ́kọ́ dùn, àfi ìgbà tó rántí pé Orímisan ló kọ́ nǹkan yìí, Orímisan kì í sì í fúnni ní ohun kan kó má fi ọwọ́ kejì gbà á. Ó béèrè pé tí òun bá pẹjọ́ ńkọ́?

"Ilẹ̀ tí à ń jà lé lórí, ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀ ẹ́," ni Ẹ̀ṣọ́ wí. "Ìlà pupa á wà níbẹ̀ títí ẹjọ́ yóò fi parí."

Akíntìmẹ́yìn fi ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ gún afárá. Ó bi Arínọlá bóyá ó gbọ́ ohun tí ọkọ rẹ̀ wí.

Ẹ̀yìn èyí ni Ọmọ́yẹlé dé nínú ọkọ̀ kékeré Àjọ, èyí tí kì í dún. Ọmọ Dúrólómi ni, aṣọ Àjọ ló wọ̀. Bí àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe ń sọ pé ó ti tà wọ́n fún ẹyẹ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀gá rẹ̀ ń sọ pé ẹbí rẹ̀ ló ń gbè. Ojú rẹ̀ fi hàn pé kò sùn dáadáa, kò sì retí pé òun yóò sùn lónìí. Ó kúnlẹ̀ kí Arínọlá, ó kí àwọn tó kù, àwọn kan dá a lóhùn.

Arínọlá ní kó pa iná pupa yẹn. Ọmọ́yẹlé ní kò sí lọ́wọ́ òun, ọwọ́ Ẹ̀ṣọ́ ló wà, Àjọ ti fi ìdájọ́ orí iyanrìn lé e lọ́wọ́ bí ìlú fúnra rẹ̀ ṣe gbà nígbà náà. Arínọlá ní ẹjọ́ yẹn ńkọ́, ìgbà wo ni Àjọ yóò jókòó lé e? Ọmọ́yẹlé wolẹ̀. Ó ní ẹjọ́ pọ̀ nílẹ̀ láti gbogbo etíkun, kó tó kan Dúrólómi, ọmọ ẹyẹ yóò ti fò.

"Àpò náà yóò ti lọ," ni Akíntìmẹ́yìn wí.

Ọmọ́yẹlé wá sọ èyí tó kù fún Arínọlá, ó rọra sọ ọ́ bí ẹni ń yọ ẹ̀gún. Tí ìyá bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹyẹ ló ni kòtò, ìjà ti tán nìyẹn. Ìlà ńlá yẹn, ti ìjà ni. Tí kò bá sí ìjà, Ẹ̀ṣọ́ á fà á wọlé, á ku ìwọ̀nba tó yẹ oníkòtò, àwọn èèyàn á sì lè wá ọ̀nà kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jọ̀wọ́ kòtò, ó ti jọ̀wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè fún un, iyanrìn ti tán.

Gbogbo ojú yí sí Arínọlá. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí àwùjọ bá ń bẹ èèyàn láìsọ̀rọ̀.

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Ìbídùn ń bọ̀. Ọmọ ọmọ Arínọlá ni, òun nìkan ló kù fún un, òkè ilẹ̀ níbi tí wọ́n sá àsálà lọ ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ó ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá gbé Dúrólómi kí òṣù yìí tó parí, òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìwọ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ kò ní kòtò, àlejò ni ní Dúrólómi, kò sí bó ti wù kó pẹ́ tó. Ìyá Arínọlá ló fi kòtò yẹn lé e lọ́wọ́, ìyá ìyá rẹ̀ ló ti gbẹ́ tirẹ̀ ní ìlú tó wà lábẹ́ omi báyìí. Kí wá ni òun yóò fi lé Ìbídùn lọ́wọ́? Orúkọ ẹyẹ?

Ó gbé ẹ̀hónú rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní ẹ̀yin ará ilé mi, nígbà tí òun wà lórí ẹní tí eékún ń dun òun, ṣebí ẹ̀ ń kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́, kò sí ẹni tó lè wá kan ilẹ̀kùn pé ìyá, obìnrin kan ti ń wo kòtò yín o. Akíntìmẹ́yìn ní òun rí i, òun rò pé ìyẹ́ rẹ̀ ló kán, nítorí ó ń wọ́ ìyẹ́ kiri nílẹ̀, òun sì tẹ̀ lé e kí òun lè bá a wá ìtọ́jú. Ó mú òun jìnnà tán, ló bá fò padà. Ìyàwó rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn ní bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ òun kò jẹ́ tẹ̀ lé òun jìnnà tó bẹ́ẹ̀ rí, ká má tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ìtọ́jú. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ara Arínọlá kò gba ẹ̀rín.

"Tí mo bá tiẹ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀," ni ó wí, "ibo lẹ fẹ́ gbà kọjá? Ẹnu afárá gan-an ni kòtò mi wà. Tí ẹyẹ bá dìde lórí ẹyin, Ẹ̀ṣọ́ á tún ti ibẹ̀ pa."

Ìyàwó Akíntìmẹ́yìn ni ó dáhùn. Obìnrin náà ní ọ̀nà wo ni wọ́n gbà kọjá lẹ́yìn òun nígbà tí òun bí àbíkẹ́yìn? Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ tán, wọ́n gbé òun àti ọmọ wá jókòó sí kòtò ọkọ òun kí òkun lè mọ ojú ọmọ náà. Ṣé wọ́n ti ọ̀nà ni? Ẹ̀yìn ìyá ọmọ ni à ń gbà, lẹ́bàá omi ọ̀sà, lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó fi aṣọ bo orí, a ó tẹ̀ ba, a kò ní sọ̀rọ̀, a kò ní wo ojú rẹ̀. Ìgbà wo ni wọ́n pa á tì?

Ẹ̀ṣọ́ yí orí irin rẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní òun kò mọ òfin yìí.

"Báwo lo ṣe máa mọ̀ ọ́n?" ni Arínọlá wí. "Ẹni tó kọ́ ọ, tó bá ti kan ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ obìnrin, á ní kí wọ́n bu omi fún òun."

Ẹ̀ṣọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó kù, lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin, àwọn náà ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan sì ní kó yá ọwọ́, omi ń fà. Ó ní òun gbà á, ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn, oníkòtò tó bá wà lórí ìkúnlẹ̀ nìkan ló wà fún. Nítorí náà kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ẹni tó ni kòtò. Ẹnì kan yóò sì rìn ín wò. Tí ẹyẹ bá jókòó jẹ́ẹ́, ọ̀nà ṣí. Tó bá dìde, ó tì.

A ti padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ Arínọlá.

Ó gbé ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo Ẹ̀ṣọ́, ó wo Ọmọ́yẹlé tó ń wo bàtà ara rẹ̀, ó wo gbogbo agbọ̀n òfìfo tí àwọn èèyàn gbé kọ́ apá. Ó wo ẹyẹ yẹn lókèèrè, ẹyẹ kò wo ẹnì kankan, ó ṣe bí ẹni pé ilé bàbá rẹ̀ ni. Ó rẹ Arínọlá dé egungun. Kì í ṣe àánú ló ń ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àánú ni. Ẹni tí ìlú rẹ̀ kò bá jẹun, kòtò ta ni yóò fi lé ọmọ lọ́wọ́?

"Òun ló ni ín," ni Arínọlá wí. "Kó máa jẹ ẹ́ lọ. Kò ní dá a dùn lọ́fun."

Ẹ̀ṣọ́ ní òun kò gba èpè mọ́ ìjọ̀wọ́. Arínọlá pòṣé, ó tún un sọ láìsí èpè. Bó ti sọ ọ́ tán, ìlà pupa sún wọlé wẹ́rẹ́ bí ìgbà tí wọ́n ń ká ẹní, ó kù bí ìwọ̀n ọ̀pá ìwọ̀ kan yí ẹyẹ ká. Ọ̀nà tóóró kan sì ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn kòtò, lẹ́bàá ọ̀sà, níbi tí iyanrìn ti tutù.

Kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ rìn. Ta ló fẹ́ kó jẹ́ òun ni wọn yóò máa nàka sí jálẹ̀ òjò? Arínọlá ní òun náà ni kí wọ́n jẹ́ kó lọ, ohun tó wà lọ́wọ́ òun láti pàdánù ti tán. Akíntìmẹ́yìn ní ìyá kúkú ni ó yẹ kó lọ, làkúrègbé ti bá a tẹ̀ ẹ́ ba sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Arínọlá tú gèlè, ó fi bo orí rẹ̀ wá dé iwájú orí, ó gbé ọ̀pá ìwọ̀ sí abẹ́ apá, ó sọ̀kalẹ̀.

Eékún rẹ̀ ń ké. Ìgbì ń dún níwájú. Ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nìkan. Nígbà tó dé ẹ̀yìn kòtò gan-an, ó gbọ́ tí ẹyẹ dún lẹ́ẹ̀kan, ohùn tín-ín-rín bí ohùn abẹ́rẹ́ tó bá já sórí irin. Ó dúró. Ọkàn rẹ̀ sọ pé kó wò ó. Àṣà sọ pé kó má wò ó. Ó bú Orímisan nínú ọkàn rẹ̀, ó bú u dáadáa, ó wá gbé ẹsẹ̀ kan, ó tún gbé èkejì. Nígbà tó gbójú sókè, omi òkun ló rí níwájú rẹ̀. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ti tutù.

Àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lẹ́yìn ẹyẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, Ọmọ́yẹlé ń tò wọ́n, gbogbo wọn borí, gbogbo wọn tẹ̀ ba, títí kan Akíntìmẹ́yìn tó fi fìlà bo ojú bí ọkọ tuntun tí ìtìjú mú. Kálukú lọ sí kòtò rẹ̀. Ìwọ̀ ń fò sínú omi. Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi fa àpò àkọ́kọ́ jáde, ó ń tàn yanran.

Arínọlá nìkan ló dúró. Ẹ̀ṣọ́ wá bá a, ẹsẹ̀ irin rẹ̀ ń wọ iyanrìn díẹ̀díẹ̀. Ó béèrè ibi tí ìyá yóò dúró sí. Arínọlá ní ibi tí òun wà yìí ńkọ́, ṣé kì í ṣe ilẹ̀ ni? Ẹ̀ṣọ́ ní ẹni tí kò ní kòtò, àlejò ni. Àlejò a sì máa tọrọ ààyè lọ́wọ́ oníkòtò tó bá súnmọ́ ọn kó tó sọ ìwọ̀ sómi. Akíntìmẹ́yìn gbọ́. Láìṣàwàdà rárá, ó ké sí i pé kí ìyá máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, àyè wà.

Arínọlá wo ibi tó wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ibẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ Akíntìmẹ́yìn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì lọ. Ó yíjú padà sí ibi ìlà pupa, ó di ọ̀pá ìwọ̀ mú, ó kúnlẹ̀, eékún rẹ̀ kan iyanrìn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń rojọ́ sínú.

"Ìyá ọmọ," ni Arínọlá wí fún ẹyẹ náà, "ẹ kú ewu. Èmi ni ará ẹ̀gbẹ́ ilé yín. Ẹ jẹ́ n dúró tì yín."

Sárédúró gbé orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó mi ara rẹ̀ díẹ̀, ó tún ara rẹ̀ tẹ́ sórí ẹyin bí obìnrin tó ń tún ìró ró, ó sì yíjú sí òkun.

Ẹ̀ṣọ́ tẹ orí irin rẹ̀ wálẹ̀. "Kí ló wí?"

"Ó ní ọ̀rọ̀ ò pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀," ni Arínọlá wí.

Ẹ̀ṣọ́ gbà á bẹ́ẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta kúrò níbẹ̀, ó lọ bá àwọn ẹlòmíràn.

Arínọlá fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde. Ní ìta ìlà pupa, ibi tó súnmọ́ kòtò àtijọ́ jù lọ, ó fi gìgísẹ̀ tẹ iyanrìn ní ìwọ̀nba ibi tí èèyàn lè jókòó sí. Kò da ìkarahun kankan sí i. Ẹyẹ kì í gbé ibì kan títí, tí òjò bá dé, ìyẹ́ á gbé e lọ, ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí nígbà tí omi bá kún, tó sì jókòó sínú kòtò títí tó fi fà, Orímisan ti sọ ti ẹni náà. Ìbídùn ń bọ̀. Yóò bá òun níbi tí òun wà.

Ó fi edé sí ìwọ̀, ó jù ú sómi, ó jókòó.